Oògùn Ṣáínà tí Tata ní kí n kọ́kọ́ mu

Èmi lọkùnrin àkọ́kọ́ láyé tó mu garawa oògùn obìnrin tán, tí kò kú!

Látìgbà tí nǹkan oṣù Tata, ẹ̀gbọ́n màmá mi, ti dúró ni ooru ti ń mú wọn, tí eegun orúnkún ń ro wọ́n. Mo bá wọn ra egbòogi Ṣáínà ní ìlú Tchatchou, mo sè é.

Wọ́n gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó.

"Ẹni tó gbé oògùn wá ló ń kọ́kọ́ mu."

"Tata, pardon! Oògùn obìnrin mà ni!"

"Ṣé ìwọ ò léegun ni? Bí o ò bá mu, n ò ní mu."

Mo wo fèrèsé, irin ló dí i. Mo wo orúnkún wọn tó wú. Mo dijú, mo gbé e mì.

Irọ́ ni garawa o, ṣíbí kan ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé irùngbọ̀n mi ṣì máa hù?