Ìrọ̀rí Tí Bàbá Onífóòmù Lọ Gbà Padà

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Bàbá Onífóòmù ti fi ń tún àga ọ́fíìsì ṣe. Yóò fi ọ̀bẹ ya aṣọ ara àga, yóò yọ fóòmù àtijọ́, yóò fi tuntun sí i. Kì í da ti àtijọ́ nù. Ńṣe ló máa ń já a wẹ́wẹ́, tí yóò rán an sínú ìrọ̀rí fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin, ìrọ̀rí mẹ́rin.

Ìkarùn-ún wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ọmọ rẹ̀ oṣù mẹ́jọ, tí Bàbá ń rán an fún, wọlé. Ó fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí náà, eruku bú jáde.

"Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò ní lè gbà á."

"Kí ló ṣe é? Àwọ̀ ẹ̀ ni?"

"Fóòmù inú ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń po kẹ́míkà mọ́ ọn kí iná má bàa tètè ràn án. Tí fóòmù bá ti gbó, kẹ́míkà yẹn á bá eruku jáde. Ọmọ á fọwọ́ kàn án, á fọwọ́ sẹ́nu. Ọpọlọ ló ń bá jà."

"Èmi tí mo ti ń fà á símú látọjọ́ yìí ńkọ́? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi mí o. Lánàá lẹ wá jígí ojú yín títí, orí imú yín ló sì wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àfi nọ́ọ̀sì. "Ọpọlọ àgbà ti gbó, Bàbá. Ti ọmọdé ṣì rọ̀. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọmọ tí kẹ́míkà yẹn bá pọ̀ lára wọn lè pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀wé, kí wọ́n má sì lè fara balẹ̀."

Ẹ̀rín bá wábi gbà. Àkọ́bí Bàbá ní ọmọbìnrin ọdún méje kan tí kò tíì lè ka ìlà kan já. Olùkọ́ rẹ̀ ní kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìrọ̀rí bàbá àgbà ló ń gbórí lé láti kékeré.

Bàbá fìdí lé àpótí. "Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń fa irú ẹ̀. Ó lè má jẹ́ ìrọ̀rí rárá."

"Ó sì lè jẹ́ òun."

Ìyàwó Bàbá ní kí wọ́n sáà sọ pé kòkòrò ti wọnú ìrọ̀rí ọmọbìnrin náà, kí wọ́n fọgbọ́n gbà á. Bàbá mirí pé rárá. Ó wọ bàtà, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé àkọ́bí rẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó wà. Ìrọ̀rí tí mo rán fún ọmọ yín ni mo wá gbà. Jókòó ná, kí n tó sọ ìdí ẹ̀ fún ọ."