Bí Mo Ṣe Kọ́ Bàbá Mi Láti Bọ Ọ̀gá Iléèwé Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì ń wọ aṣọ iléèwé, tí ìyá mi ṣì ń bá mi lọ ẹ̀wù mi láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilé wa ló gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà oko ní Fìdítì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ni ọmọkùnrin tí kò ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ ń pè ní ìgbà èwe. Ẹ ò jẹ̀bi. Ọdún márùn-ún péré sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìgbà èwe tèmi parí sí, mo sì mọ ọjọ́ tó parí: ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje, tí òjò ṣú láti àárọ̀ tí kò sì rọ̀.

Bàbá mi kò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹrin ló dé ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ fi fà á lọ sóko. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ òyìnbó ló ń gbìn, ìyá mi ló sì ń ta ọ̀pẹ òyìnbó náà létí títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ ti máa ń dúró. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pẹ òyìnbó kì í kánjú. Tí ẹ bá ri ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí, ó máa tó ọdún kan ààbọ̀ kí ẹ tó jẹ èso rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní SS2, kété lẹ́yìn ọdún tuntun, bàbá mi fi ìka ka oṣù, ó ní bí òun bá gbin ìlà mẹ́ta sí igun oko báyìí, wọ́n máa pọ́n ní oṣù tí mo máa jáde ìwé mẹ́wàá gan-an. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wá bá wa yọ̀, kò ní lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Èmi ni mo ru apẹ̀rẹ̀ ọmọ ọ̀pẹ òyìnbó náà tẹ̀ lé e, èmi ni mo sì ń na wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń rì wọ́n.

Ìparí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀gbọ́n tó ń gun ọ̀kadà láàárín Fìdítì àti Ìlọrà, ẹ̀gbọ́n yìí sì gbà láti kọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò wa ló ráyè. Mo fi ìdánwò ìṣirò sílẹ̀, mo fi ti gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, mo wà lórí máṣìn ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú, inú mi ń dùn. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé mi pé kí n tún kíláàsì náà ṣe. Mo ká ìwé náà kékeré, mo kì í bọ abẹ́ àpótí aṣọ mi, mo sì sọ nílé pé iléèwé kò tíì tẹ èsì. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó bèèrè mọ́. A wọlé padà, bàbá mi ń pè mí ní ọmọ SS3, èmi sì jókòó sí àga tí mo ti jókòó sí lọ́dún tó kọjá.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pé ọdún kan gbáko. Kò le rárá. Aṣọ kan náà ni SS2 àti SS3 ń wọ̀. Ìjọba ló ń san owó ìdánwò àṣekágbá, kò sẹ́ni tó béèrè owó lọ́wọ́ bàbá mi. Lẹ́tà ìpàdé àwọn òbí, èmi ni wọ́n ń fún kí n mú lọ sílé, kò sì délé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í tú àṣírí ara wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú ilé wa, àbúrò mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1 nínú ọgbà kan náà. Àràárọ̀ ló ń rí mi lórí ìlà àwọn SS2. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ, pé èmi fúnra mi máa sọ ọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Òun ni mo gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí.

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá sún mọ́lé, ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ ní kí gbogbo ọmọ tó fẹ́ ṣe é kó bírò wọn wá fún àdúrà. Ìyá mi ti ra bírò tuntun méjì sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, a to bírò wa síwájú, gbogbo ìjọ nawọ́ sí wa. Mo ṣe àmín. Bírò náà ni mo fi kọ nóòtù SS2 títí tí wọ́n fi gbẹ.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń múra nílé, èmi ni mo sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ jù. Mo bá bàbá mi fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó ti là lára ògiri iwájú, a fi ọ̀dà funfun kùn ún. Mo lọ já ewé eéran tí ìyá mi máa fi pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo gbé bàtà tí bàbá mi wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránbàtà kó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun sí i. Bí mo bá ń kun ògiri, inú mi á máa sọ pé, sọ ọ́ báyìí, òun nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Màá tún ti búrọ́ọ̀ṣì bọnú ọ̀dà.

Ní iléèwé wa, bí wọ́n bá pe ọmọ tó ń jáde, òun àti àwọn òbí rẹ̀ ló máa jọ rìn lọ síwájú. Òbí ni ọ̀gá iléèwé máa ń bọ̀ lọ́wọ́, òbí náà ló sì ń gba ìwé ẹ̀rí. Ọkùnrin kan ní Ìlọrà tí ọmọ rẹ̀ ti jáde ló ṣàlàyé èyí fún bàbá mi, kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ọjọ́ ayẹyẹ, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí sí àgbàlá.

“Ìwọ ni ọ̀gá iléèwé báyìí. Dúró síbẹ̀ yẹn.”

Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká, ó wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. Mo sọ fún un pé wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, pé ọ̀tún ló máa fi bọ ọ̀gá iléèwé lọ́wọ́, òsì ló máa fi gba ìwé, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó dúró, ó wò mí. “Ọwọ́ òsì? Kí n fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ńlá?”

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá.”

Ó rò ó díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé bí a bá fi òsì na omi sí i, ó máa ní ká gbé e padà ni. Ó ní, “Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé.”

A ṣe é tó ìgbà mẹ́fà. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, ó sì ń fún tèmi pọ̀ gidi. Ìyá mi tó ń fọ ẹ̀wà nítòsí ní, “Bàbá, ẹ rọra o. Apá ọ̀gá iléèwé kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tí ẹ fẹ́ fà tu.” Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Tó bá tu, ìwọ ni màá gbé e fún kí o fi ṣe gàrí.” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi gbé ewé tó ń nù sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Ìdí kànga ló ti wá bá mi lẹ́yìn náà. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ fún wọn lónìí. Ẹ ò rí Bàbá, wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan nítorí yín.” Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la.

Ọ̀la yẹn di Ọjọ́bọ̀, èmi àti bàbá mi lọ kórè. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń kó ewé ọ̀pẹ òyìnbó jọ, wọ́n á dì í bo èso náà lórí kí oòrùn má baà jó o. A ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tí a tú ló pọ́n. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní, “O rí i? A kà á dáadáa.” Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ti pè é, “Bàbá.” Ṣùgbọ́n ó ti bẹ ọ̀kan, ó gé e, ó fi èyí tó dùn jù, ti ìsàlẹ̀, sí mi lọ́wọ́, ó ní èmi ni mo ni ọjọ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ. Mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ìyá mi fi ìkòkò sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá láti Ìwàrè, òun àti bàbá mi lọ jókòó sábẹ́ ìbòrí tí iléèwé ta. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo lọ dúró sí, níbi tí mo ti lè yọjú wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ ni bàbá mi ń nà ró lórí àga. Wọ́n pe orúkọ títí, orúkọ tán. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ ìkẹyìn nígbà tí mo rí i tó dìde, tó ń rìn lọ síwájú pẹ̀lú bàtà tí a ṣe yẹn, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe fi kọ́ra.

Tíṣà tó ń pe orúkọ kò tíì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu, gbogbo wa ló gbọ́ ohun tí bàbá mi sọ. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì pe tèmi.”

Tíṣà wo ìwé títí. Ó pe tíṣà mìíràn, ìyẹn sọ̀rọ̀ sí bàbá mi létí. Bàbá mi ń mi orí. Kò bínú, kò bi wọ́n ní ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó bọ tíṣà náà lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ náà nà síwájú, ó ṣí sílẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Kò sí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí kí ó ká a padà.

Nílé, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn àlejò. Ó ní ọ̀rọ̀ kò rí bí òun ṣe rò, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti délẹ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹun. Ó pín ọ̀pẹ òyìnbó náà kan gbogbo wọn. Ìyá mi kò jáde nínú yàrá. Mo ń retí ẹgba, kò sí ẹgba. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó bi mí ní nǹkan kan péré.

“Lọ́jọ́ tí o ṣe ọ̀gá iléèwé fún mi yẹn, o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Bàbá.”

“Ó dáa.”

Ó lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ kí wọ́n yọ ìdúpẹ́ wa kúrò nínú ètò ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀ mí, ẹ gbọ́ o, òun ló bẹ̀ mí, pé kí n padà lọ ṣe SS3. Mo kọ̀. Mo ní ojú ń tì mí. Ojú tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ọ̀kadà rọrùn fún mi ju ìwé lọ. Títí di òní, òun ni mo ń gùn.

Nísinsìnyí, àbúrò mi ló fẹ́ jáde. Ìwé rẹ̀ dán, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ayé sì ti yàtọ̀ sí ìgbà tèmi. Iléèwé ti kó gbogbo òbí jọ sórí fóònù, èsì ń dé kí ọmọ tó ti iléèwé dé. Irọ́ tí mo pa yẹn kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan lóde òní, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tiwa, bí bàbá bá fẹ́ mọ nǹkan, ọmọ rẹ̀ ló ń bi, ohun tí ọmọ bá sì sọ, ó tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àwọn tó ń jáde wọlé sórí fóònù bàbá mi, ó ní kí n bá òun ka tàbúrò mi. Mo kà á fún un. Ó ní mo ṣeun. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó ń gbé fóònù náà lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, kí ìyẹn bá òun kà á. Mi ò lè sọ pé ó ṣẹ̀ mí.

Bàbá mi kò gbin nǹkan kan de ọjọ́ yìí. Ẹ̀gẹ́ ló wà ní igun oko yẹn láti ìgbà náà. Èmi ni mo lọ ri ọmọ ọ̀pẹ òyìnbó díẹ̀ sí etí rẹ̀, ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò dára tó tirẹ̀. Mẹ́rìnlá ló so, méjì ti jẹrà. Nígbà tí mo lọ dì wọ́n lórí, mo rí i pé ẹnì kan ti dì wọ́n ṣáájú mi, ó sì mọ̀ ọ́n dì jù mí lọ.

Lánàá, mo fi máṣìn gbé bàbá mi lọ, a kó wọn. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, mo gbójú gbóyà, mo ní, “Bàbá, ṣé kí a tún fi ìbọwọ́ yẹn kọ́ra díẹ̀?”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo kọ́ mi.”

Mo gun máṣìn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di èjìká mi mú, ó sì na òsì, ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. A gba ilé lọ.