Ẹni Tó Ń Tẹ Bíréèkì Bá Mi

Píkọ́ọ̀pù mi ti gbó, èmi náà ni mo sì máa ń tún un ṣe nínú ọgbà ilé wa l'Óṣogbo. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ tó há sínú bíréèkì rẹ̀. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀, ìyàwó mi wà ní ìdí sítíárì. Tí mo bá ní kó tẹ̀ ẹ́, á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí màá fi tú nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, tí màá sì tún dè é padà.

Ó ń ṣe é dáadáa, àfìgbà tó ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò kí n tó dè é. Afẹ́fẹ́ tún wọlé padà, ọ́ìlì sì kán sí mi lójú.

“Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Ṣé etí ẹ di ni? Àbí orí ẹ ò pé?”

Ó kàn tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́.

Mo yọrí síta kí n lè bú u dáadáa. Sálúbàtà ọkùnrin ni mo rí lórí bíréèkì. Bàbá ìyàwó mi ni! Wọ́n ti Iléṣà dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ọmọ wọn ti sáré lọ wo ẹ̀wà tó ń jóná, wọ́n sì gba ipò rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì níbẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ìyàwó mi ni mo rò pé mò ń bá wí.”

Wọn ò gbé ẹsẹ̀ kúrò.

“Mo mọ̀ pé òun ni,” ni wọ́n wí. “Ohun tó dùn mí nìyẹn.”