Koríko Wà Láàyè, Mùnírátù Ti Kú

Mùnírátù Ọmọlabí kú ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Mówè àti Ìbàfò. Ọkọ̀ akérò kan tó ń bọ̀ lódì ọ̀nà ló gbá a látẹ̀yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣubú sí gan-an, pápá ìṣeré kan wà níbẹ̀. Pápá tuntun ni, wọ́n ti kọ́ ọ parí, wọ́n ti fa ìlà funfun sí i, koríko rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ títì ni wọ́n tì í pa, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Wọn ò tíì rí ẹni ńlá tó máa wá gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Èmi tí mo kọ ọ́ gan-an tún un kà.

Àdúgbò kan náà lèmi àti Mùnírátù jọ ń gbé ní Mówè. Télọ̀ ni, aṣọ súkúù ló ń rán. Òun ló rán aṣọ súkúù Jésùlayọ̀mi ọmọ mi látìgbà tó ti wọ kíláàsì kìn-ín-ní títí tó fi jáde, kò sì rán èyí tó fún ọmọ náà lọ́rùn rí. Ọ̀fàdà ni wọ́n ti bí i. Àwọn òbí ẹ̀ ń gbin ìrẹsì, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé lé e lọ́wọ́ ní kékeré ni lílé ẹyẹ. Ẹni tó bá mọ oko ìrẹsì á mọ̀ pé ẹyẹ kì í jẹ́ kí ọmọdé jókòó. Bó o bá lé wọn níhìn-ín, wọ́n á lọ bà sọ́hùn-ún, ìwọ náà á tún sáré tẹ̀ lé wọn. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Dádì, ẹyẹ ni kóòṣì mi àkọ́kọ́. Wọn ò bú mi rí, wọn ò sì nà mí rí."

Ìbímọ ló fẹ́ gba eré yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ bí èyí tó tẹ̀ lé Qudrah ọmọ ẹ̀, ọmọ kú sórí ìkúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ìyá ọmọ sì rọ jọwọlọ. Nọ́ọ̀sì ní iṣan ló ní wàhálà, pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Ọkọ ẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà fún oṣù mélòó kan, ó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, ó sì gba Àgbàdo lọ lọ́dọ̀ ìyàwó mìíràn. Mi ò ní sọ nǹkan kan nípa ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, ojú ìwé yìí ò ní gbà á.

Orí ẹní ìrun ni Mùnírátù ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, á di ògiri mú, á gbé ẹsẹ̀ kan, á ní "Subuhanalahi." Á wọ́ èkejì, á ní "Alihamudulilahi." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Mo bi í nígbà kan bóyá Ọlọ́run ṣèlérí fún un pé ẹsẹ̀ náà á padà. Ó rẹ́rìn-ín. "Kò ṣèlérí nǹkan kan fún mi, Dádì. Ó ṣáà jẹ́ kí n gbé ìkan. Mo wá ń fi ìkejì dúpẹ́ ìkíní." Èmi tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, mi ò tíì gbọ́ ìwàásù tó ju ìyẹn lọ.

Ìrìn di kánmọ́kánmọ́, kánmọ́kánmọ́ sì di eré. Ẹ mọ bí àdúgbò ṣe rí. Wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ ti yí. Àlhájà Àbẹ̀bí, olórí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, ìyẹn àwọn ìyá tí wọ́n máa ń pé jọ ṣàdúrà láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, dá a dúró lójú gbogbo èèyàn.

"Mùnírátù, ta ló ń lé ẹ?"

"Ìtọ̀ ṣúgà ni, Àlhájà. Ẹ̀yin gan-an ló ń lé, èmi kàn ṣíwájú ni."

Àlhájà rẹ́rìn-ín títí híjáàbù ẹ̀ fi yẹ̀ lórí. Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi lọ ra kámbáàsì. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí àwọn ìyá tó kù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé àsàlátù tàwọn ti bàtà eré nínú báàgì. Bí lèmọ́mù bá ti ṣe àmín tán, wọ́n á wọ bàtà, ó di ojú títì.

Eré ìdíje àkọ́kọ́ tó bá wọn sá, ní Ìfọ̀ ni. Wọ́n ti ń ká àga kó tó dé. Ó padà sílé, ó ní inú òun dùn nítorí pé ẹsẹ̀ òsì náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ká àga. Ó tún lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì tún lọ. Nígbà tó fi máa di eré àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, l'Ábẹ́òkúta, òṣìṣẹ́ kan ní kó ṣí híjáàbù kó tó lè sá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi sá a, kì í ṣe orí." Ọkùnrin náà jẹ́ kó kọjá. Ipò kejì ni Mùnírátù gbé wálé, ó sì fi àmì ẹ̀yẹ náà kọ́ sára ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, kí àwọn ọmọléèwé tó bá wá wọn aṣọ lè máa fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti kọjá tara ẹ̀. Ó fẹ́ kí Qudrah sá ju òun lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ìyá àsàlátù ní ibi tí wọ́n á ti máa sá láìfi ẹ̀mí wewu. Ó lọ bá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí. Wọ́n mọ ara wọn, Ọlọ́run náà sì mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo sìn ín lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò ròyìn fún mi.

Akọ̀wé wọn dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ìyá Qudrah, ẹ ní sùúrù. Wọn ò tíì kọ̀mísọ̀n ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ koríko yẹn mọ́lẹ̀, kí la máa wá fi han ẹni ńlá?"

Ẹ bá mi rò ó. Àwa nìkan la máa kọ́lé tán, tá a máa sùn síta, nítorí pé àlejò ò tíì wá bá wa ṣílé. Ọmọ wa á máa gbá bọ́ọ̀lù nínú kòtò, pápá á wà lẹ́yìn géètì, à ń retí ẹni tí ò mọ̀ pé à ń retí òun. Wọ́n ní ẹni ńlá náà lọ òkè òkun. Wọ́n ní ó ti dé, àmọ́ ó ń palẹ̀ ìpolongo ìbò mọ́. Wọ́n ní ó ku díẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ pápá yìí sínú ìwé ìròyìn yìí nígbà yẹn. Ẹnì kan pè mí, ó ní Yorùbá mi dùn. Ìyẹn nìkan ni èsì tí mo gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni Mùnírátù ṣe kó àwọn èèyàn ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ lọ. Ó kọ́ wọn ní òfin tí gbogbo asáré ojú títì mọ̀: ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọjú sí, ẹ má kẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ lè rí ohun tó ń bọ̀. Òfin tó dáa ni, níbi tí ọkọ̀ bá ti ń gba ọ̀nà tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa nìyí, níbi tí awakọ̀ á ti rí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ díẹ̀, tó máa yí orí ọkọ̀ padà, tó máa gba wánwéè bíi pé bàbá ẹ̀ ló la ọ̀nà náà, tí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá a dúró á sì máa wò ó. Mùnírátù kọjú sí ibi tí ọkọ̀ yẹ kó ti wá. Ẹ̀yìn ni ikú gbà wá bá a. Òun ló sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, nítorí ó máa ń dúró ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò yá.

Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu géètì pápá. Ohun tí àwọn ìyá náà ń tọrọ ò ju ibòji lọ, ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí títí bọ́ọ̀sì mọ́ṣáláṣí á fi dé, kí àwọn èrò ọkọ̀ yéé fi fóònù ya òkú abiyamọ. Bàbá Ìyàndá tó ń ṣọ́ géètì pe akọ̀wé. Fóònù ẹ̀ ò dára, àfi kó gbé e sí gbangba kó tó lè gbọ́ràn, nítorí náà gbogbo wọn ló gbọ́ èsì.

"Pápá tí ẹni ńlá ò tíì fẹsẹ̀ kàn? Òkú kọ́ ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Má ṣí i o."

Bàbá Ìyàndá kúnlẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ju àwọn ọmọ ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó ń sunkún. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, wọ́n á lé mi." Mi ò bínú sí i. Arúgbó wo ló máa rí iṣẹ́ mìíràn?

Mo ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn ìyá àsàlátù ti fi ara wọn ṣe ògiri yí i ká nínú oòrùn, wọ́n kọjú síta, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Mo wo inú pápá láti ojú géètì. Ẹ̀rọ kan ń fọ́n omi sí koríko, jẹ́jẹ́, bíi pé ẹnikẹ́ni ò kú. Koríko wà láàyè. Mùnírátù ti kú. Kí ni mo ṣe? Mo dúró. Mo fọwọ́ gbá géètì, ó dùn mí lọ́wọ́, mo tún dúró. Bí ẹnì kan bá wà tó mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, kó wá kọ́ mi, nítorí títí di òní mi ò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, ní Ọ̀fàdà. Ìgbìmọ̀ ò yọjú. Ọjọ́ kẹjọ, níbi fìdáù, ni wọ́n tó dé, nínú ọkọ̀ tó ń dán, pẹ̀lú pósítà gìrìwò. Wọ́n tẹ àwòrán Mùnírátù sí i, wọ́n pè é ní akọni obìnrin, ìmọ́lẹ̀ àdúgbò, ọmọ tó gbé wa ga. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Akọ̀wé yẹn kan náà ló gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé orúkọ Mùnírátù ni wọ́n máa sọ pápá náà, lọ́jọ́ tí ẹni ńlá bá ráyè wá ṣí i.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Àjíbíkẹ́, tó bí Mùnírátù, kò dìde. Orí ẹní tó wà ló ti sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Ọmọ mi ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láàyè. Òkú ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Orúkọ ẹ̀ lẹ wá fẹ́ kó wọ̀ ọ́?"

Akọ̀wé ní, "Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mi ò bínú. Mò ń bi yín ni. Ṣé ẹ máa ṣí i lọ́la?"

Ó ní àwọn á jíròrò lé e lórí. Wọ́n jíròrò wọnú ọkọ̀ wọn. A ò tíì gbúròó wọn láti ìgbà náà.

Ẹkún là ń sun, ṣùgbọ́n à ń ríran. Ohun tí mò ń rí ni Qudrah. Wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ wa nínú eré sísá lóṣù tó ń bọ̀, kóòṣì sì ní ọmọ náà lè wọlé. Ó ti padà sí ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn. Mo rí i láàárọ̀ àná. Ó kọjú sí ọkọ̀ bí ìyá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ, àmọ́ bó bá ti sáré díẹ̀ á yí ọrùn wẹ̀yìn, á tún sáré, á tún yí ọrùn. Ta ló ń fi irú ọrùn bẹ́ẹ̀ borí nínú eré? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi ná.

Ó ní, "Dádì, màámi ò sinmi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Àwáwí wo ni màá fún Ọlọ́run?"

Mo kàn tẹ̀ lé e lẹ́yìn nínú mọ́tò mi, mo tan iná ọkọ̀ lójúmọmọ, mò ń wo ẹ̀yìn bá a. Àgbàlagbà bíi tèmi, ohun tí agbára mi ká ò jùyẹn lọ. Mi ò sì lè ṣe é lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mi ò fẹ́ pósítà, mi ò fẹ́ orúkọ lára ògiri, mi ò fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan. Orúkọ èèyàn ni mo fẹ́ gbọ́. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n ti pápá tó ti parí pa mọ́ àwọn tó ni ín? Ta ló fún akọ̀wé yín láṣẹ láti lé òkú abiyamọ sójú títì? Awakọ̀ yẹn dà, ta sì ni ó ń wá a? Kí ẹni tó jẹ́bi jáde wá dúró níwájú Ìyá Àjíbíkẹ́ kó dá a lóhùn, kí wọ́n sì ṣí géètì náà láàárọ̀ ọ̀la, láìsí rìbọ́ọ̀nù, láìsí ẹni ńlá.

Mo ti kọ ti ìyá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí n wá kọ ti ọmọ.