Bí Monílọ́lá Ṣe Gba Orúkọ Rẹ̀ Padà Lẹ́nu Sọ̀fíyù

Èmi tí mò ń kọ èyí kò jókòó nílé ìwé rí. Lára bébà tí wọ́n fi ń wé àkàrà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, síbẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní Tokoin, àdúgbò mi ní Lomé. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé Monílọ́lá gbẹ̀san, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo ni. Ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà ní Lomé, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan. Òun ló ń tọ́jú datábéèsì wọn, ìyẹn àká tí kọ̀ǹpútà ń kó orúkọ oníbàárà àti ẹrù gbogbo sí. Ọdún méje ló fi tò ó. Béèrè páálí kan ṣoṣo láàárín ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, kí o tó pajú dé, ó ti rí i. Ojú mi ló ṣe.

Sọ̀fíyù, ọ̀gá rẹ̀, gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú àwọn tó ni ilé iṣẹ́, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é." Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi í ṣe diretọ̀. Nígbà tí Monílọ́lá bi í, ó rẹ́rìn-ín: "Ìwọ, ta ló mọ̀ ẹ́?" Lọ́sẹ̀ kejì, ó lé e.

Kò sunkún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Bàbá, n ò fẹ́ iṣẹ́ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ náà ló máa fi dárúkọ mi, ní gbangba."

Mo mú un lọ bá Bernadette ní Gbossimé. Ẹgbẹ́ tí Bernadette dá sílẹ̀ kì í wá èrè; ohùn àwọn àgbà olórin ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ kó má baà parun. Kásẹ́ẹ̀tì kún ilé náà débi pé àwọn eku ibẹ̀ mọ orin jù mí lọ. Ọdún méjì ni Monílọ́lá fi tò wọ́n sí datábéèsì tuntun, orin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórin rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá Sọ̀fíyù kú: Alhaja Sàídátù, aláṣọ tó tún ń kọ wákà. Gbossimé nìkan ni ohùn rẹ̀ wà. Sọ̀fíyù dé.

"Bonjour, Monílọ́lá. Ça va? Ṣé dáadáa ni?"

"Kò va."

"Jọ̀ọ́, ohùn màmá mi. Ọ̀la ni fídáù."

Àṣà ẹgbẹ́ náà ni pé ẹni tó bá wá gba orin gbọ́dọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò ṣáájú orin. Monílọ́lá ti míkírò sí i lẹ́nu.

"Alhaja Sàídátù ló kọ ọ́," ni Sọ̀fíyù wí. "Monílọ́lá ló tọ́jú ẹ̀."

"Ó kù."

"Kí ló kù? N ò sọ nǹkan míì!"

"Ó dáa, ọ̀gá patron. Ọlọ́kadà sémíjàn wà níta tó máa gbé yín lọ."

Sọ̀fíyù wo míkírò bí ẹni ń wo ejò. "Òun ló ṣe datábéèsì wa. Mo ní èmi ni."

"Ẹ gbóhùn sókè. Ìyá yín kì í kọrin báyẹn."

"Mo jí iṣẹ́ ẹ̀! Mo sì lé e!"

Monílọ́lá fún un ní orin rẹ̀. Gbogbo Lomé ni Sọ̀fíyù wá ká lálẹ́ ọjọ́ náà, kó lè rẹ́ni bá a gé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Kò rí.

Níbi fídáù ní Kégué lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àdúà, Jẹ̀lílì àbúrò rẹ̀ tan ẹ̀rọ láìmọ nǹkan kan. Àwa bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta la jókòó, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wà níwájú. Ohùn Sọ̀fíyù ló kọ́kọ́ jáde: "Mo jí iṣẹ́ ẹ̀!" Ìbákà pàápàá dákẹ́ lórí igi. Lẹ́yìn náà ni ohùn Alhaja jáde, dídùn bí oyin.

Mo yíjú sí Monílọ́lá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ọmọ mi, ó tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò tíì tó, Bàbá."

Orin náà dùn, àwọn ìyá sì ń pariwo, "Jẹ̀lílì, tún fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀!" Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tún fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Sọ̀fíyù tún jẹ́wọ́.