Fóònù tó fẹ́ gba iṣẹ́ Ìyá Mùtíátù

Mo lé ìyá àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ lónìí láìmọ̀!

Ní ìsọ̀ obì wa ní Ṣàgámù, mo fi ayọ̀ sọ fáwọn òṣìṣẹ́ mi pé: "Láti ọ̀la, AI inú fóònù yìí láá máa bá wa mọ obì tó ní kòkòrò."

Kò pẹ́ ni mo rí Ìyá Mùtíátù, tí wọ́n ti ń ṣa obì kí ìyá mi tó bí mi, tí wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn kiri: "Ẹ foríjì mí o, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín rí."

Wọ́n ti ń dágbére!

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ ò lọ síbì kankan! Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ fóònù yìí níṣẹ́, bí ẹ ṣe kọ́ èmi náà. Èmi ni mi ò ṣàlàyé."

Wọ́n wo fóònù náà títí. "Ṣé ó máa gbọ́ràn jù ẹ́ lọ?"

Ẹ bá mi dá wọn lóhùn o.