Àkùkọ Tí Mo Dé Àgò Lé Lórí

Èmi kì í jẹ adìẹ tí mo bá fọwọ́ ara mi sìn. Mo ti sọ ọ́, n ó sì tún sọ ọ́. Bí ẹran adìẹ bá ń wu ọkọ mi jẹ, kó lọ ra èyí tó wà nínú firísà lọ́jà. Àwọn tèmi kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Adìẹ, àwọn ọmọ ńkọ́?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọ́n wà ní àlàáfíà, wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹ wá wo ilé mi láàárọ̀. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé báyìí, wọ́n ti mọ̀. Wọ́n á sáré wá, wọ́n á máa gun ara wọn lórí, wọ́n á tẹ̀ lé mi dé ìdí kànga. Mo máa ń fọ́n ọkà bàbà àti èérí àgbàdo fún wọn; bí ọkọ mi bá wá bu ikán bọ̀ láti oko, ọjọ́ ọdún nìyẹn. Ẹni tí kò tíì rí adìẹ tó ń fi eruku wẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, tó na apá kan síbí, tó na ẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn jù, n kò ní purọ́. Abọ́lọ́rùn ni, kò sí ìyẹ́ kankan lọ́rùn rẹ̀, ọrùn pupa gbọọrọ ni. Ọkọ mi ní igún ni mo ń sìn. Igún kẹ̀! Adìẹ tó jẹ́ pé bó bá yé ẹyin tán, ariwo ayọ̀ rẹ̀ á dé ilé kẹta. Bí mo bá jókòó tí mo ń já ẹ̀fọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ni yóò wá ba sí.

Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bọ̀ láti orí àpáta, ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni lúkúlúkú máa ń jà, àrùn tó ń pa adìẹ odidi àdúgbò tán bí ẹni gbálẹ̀. Láràárọ̀ n ó yẹ ìgbẹ́ wọn wò. Bó bá ti ní àwọ̀ ewé, wàhálà ti dé. N ó gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n ó gbé etí lé wọn láyà, n ó gbọ́ bóyá èémí ń ha wọ́n. Ọkọ mi ní òun ṣàìsàn rí, n kò gbé etí lé òun láyà.

Ìyà ló kọ́ mi. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra àgbébọ̀ kan lọ́jà, mo tú u sáàárín àwọn tó wà nílé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ sin gbogbo wọn, mo ń sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ẹran nítòsí ọjà ló là mí lójú pé adìẹ tó bá ti ìta dé kì í bá tilé pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí n yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa wò ó. Ó tún máa ń bá mi kán oògùn àjẹsára sí àwọn tèmi lójú. Láti ìgbà náà, òfin ilé mi nìyẹn, òun ló sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Alùfáà ni bàbá náà, ìlú Ọ̀kà ló ń gbé. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n kì í gba ìwọ̀sí. Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ó gun ọ̀kadà wá kí wa, ó gbé àkùkọ pupa ńlá kan dání. Ó ti gbọ́ pé mọ́tò pa àkùkọ mi.

"Ìyàwó, wọ́n ní àwọn adìẹ rẹ ti di opó. Ọkọ wọn rèé. Òun ló ń jí mi kí ìrun àsùbáà."

Àkùkọ tó ń jí alùfáà kí ìrun! Mo mọ bí ẹ̀bùn náà ti tó. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà mo gbé àkùkọ lọ sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún, mo dé àgò lé e, mo gbé òkúta lé àgò. Abọ́lọ́rùn mi ń sàba lórí ẹyin lọ́wọ́. Bí àrùn bá fi wọlé, tìyá-tọmọ ló máa gbé lọ.

Bàbá jẹun tán, ó jáde láti ṣe àlùwàlá, ojú rẹ̀ bá lọ síbẹ̀.

"Ìyàwó! Kí ni mo rí yìí? Olè ni mo mú wá ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àlejò ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nìyẹn? Àbí adìẹ tèmi lo ń sọ pé ó lárùn?"

Ọkọ mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n tú u sílẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò kan òkúta yẹn. Bí inú bá bí mi, èdè ìlú wa Ìkáràmú tí wọ́n fi tọ́ mi ló máa ń bọ́ lẹ́nu mi, wọn ò sì gbọ́ ọ nílé ọkọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà pé wọn ò gbọ́ ọ. Bàbá ní òun ò ní fẹnu kan oúnjẹ ilé wa mọ́, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ìyàwó tó fi adìẹ ṣáájú ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ọkọ mi fajú ro. Àkùkọ ń kọ láràárọ̀ lábẹ́ àgò, ara rẹ̀ le koko, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá mo ti da àárín ẹbí rú lásán.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò gbọ́ kó kọ. Mo lọ wò ó. Apá rẹ̀ ti wó sílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo pe ọkọ mi. Ó wò ó títí, ó wá yíjú sí ibi tí abọ́lọ́rùn ti ń sàba. "Háà," ó ní, "o ṣeun." Nígbà tí àkùkọ kú, òun ló gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí, èmi sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí n tó sún mọ́ àwọn tèmi.

Èmi náà ni mo pe bàbá lórí fóònù. "Àgò rẹ ló pa á," ó ní, ó sì pa fóònù.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé lúkúlúkú ti wọ àgbàlá rẹ̀ ní Ọ̀kà, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. N kò yọ̀ ọ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ó jà ládùúgbò wa náà, gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, àyàfi tèmi. Abọ́lọ́rùn kó ọmọ jáde ní tirẹ̀, wọ́n ń ké ṣíoṣío káàkiri ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń yọjú lórí ògiri láti wò wọ́n. Ṣé kí n purọ́ ni? Mo ń yan bí àkùkọ.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa kí bàbá tó tún yọjú, ó gbé agbọ̀n òfìfo dání. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀. Ó wo iyán, ó wò mí, ó ní, "Bísímílàhi." Ó jẹ ẹ́ tán.

"Ìyàwó, ilé mi dákẹ́. Fóònù ló ń jí mi kí ìrun báyìí. Ohùn rẹ̀ ò dùn."

N kò jẹ́ kó bẹ̀ mí. Mo mú àkùkọ kékeré kan nínú ọmọ abọ́lọ́rùn, ọlọ́rùn gbọọrọ bíi ti ìyá rẹ̀, mo fi abo méjì kún un. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Igún ló wá máa jí mi kí ìrun!" Kò sọ nǹkan kan nípa àgò, n kò sì bi í.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ọ̀kadà níwájú ilé. Bàbá ni, ó gbé àgbébọ̀ dúdú kan wá fún mi. Mo sáré jáde láti kí i, kò yà sí pálọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló gbà, ó kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó dé ibẹ̀, alùfáà ti ká agbádá sí èjìká, ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ògiri lọ́hùn-ún, ó ti dé àgò lé àgbébọ̀, ó ń fojú wá òkúta.

"Kí lò ń wò?" ó ní. "Àlejò ni. Jẹ́ kó sinmi ná."

Mo bá a gbé òkúta náà wá.